OÚNJẸ ÀNÁ: Ẹ̀kọ́ Lórí Gbèsè Ìtọ́jú Ọmọ

Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 21:9-21, Òwe 11:1, Máàkù 7:9-13, 1 Tímótì 5:8

Ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń kọ lórin, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, títí dé ilẹ̀ Tógò. Ọkọ àti aya túká. Ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá. Ilé ẹjọ́ dá iye tí bàbá yóò máa san lóṣooṣù fún ìtọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n bàbá yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gba owó ní ìparí oṣù. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ń jẹ: ó lè jẹ́ aránṣọ, ó lè jẹ́ bíríkìlà tàbí kàfíńtà, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ń fi alùpùpù gbé èrò. Lónìí owó dé, lọ́la kò dé. Bí oṣù ti ń gun orí oṣù, ìyá ní, “Gbèsè ti pọ̀ lọ́rùn rẹ.” Bàbá ní, “Irọ́ ni, iye yẹn kò tọ̀nà.” Ìbéèrè wa nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí onígbàgbọ́ jiyàn lórí irú gbèsè bẹ́ẹ̀? Bí ó bá tọ́, báwo ni yóò ṣe jiyàn tí kò fi ní di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú gbèsè tí ó jẹ́. Ẹni tí ó ra aṣọ ní àwìn, aṣọ náà wà níbẹ̀ tí a lè tọ́ka sí. Oúnjẹ ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kò lè fi ebi oṣù tó kọjá pamọ́ de ìgbà tí bàbá rẹ̀ yóò rí owó. Bí ọmọ náà bá ṣì ń mí, tí ó ṣì ń lọ sí ilé ìwé, a jẹ́ pé ẹnìkan ló bọ́ ọ ní àná. Ìyá rẹ̀ ni, tàbí ìyá ìyá rẹ̀, tàbí aládùúgbò tí wọ́n lọ yá ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, owó ẹ̀yìn tí bàbá kò tíì san kì í ṣe owó oúnjẹ ọ̀la. Owó ẹni tí ó ti ru ẹrù ènìyàn méjì ni. Àwọn bàbá kan máa ń wí pé, “Bí mo bá kó o fún un, aṣọ ni yóò fi rà.” Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ti fi tirẹ̀ ra oúnjẹ ọmọ yín nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀. Tirẹ̀ ni ẹ ń dá padà fún un.

Ẹ wo Hágárì nínú Ìwé Mímọ́. Bàbá wa Ábúráhámù ní ẹran ọ̀sìn, ó ní fàdákà àti wúrà. Lọ́jọ́ tí Hágárì ń lọ, àkàrà àti ìgò awọ omi ni a gbé lé e ní èjìká. A kò dá bàbá wa lẹ́jọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé omi náà tán. Ó tán nínú aginjù, níbi tí ojú ẹni tí ó fún un kò dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún púpọ̀ nínú wa: a rántí ọjọ́ tí a fúnni, a kò mọ ọjọ́ tí ó tán. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé nígbà tí Ọlọ́run dáhùn, ohùn ọmọ náà ni a sọ pé ó gbọ́. Kò kọ́kọ́ bi í pé láàárín Sárà àti Hágárì, ta ló jẹ̀bi.

Òfin ilẹ̀ náà kò jìnnà sí èyí. Òfin ẹbí ilẹ̀ Benin jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004. Tógò ní tirẹ̀ ní ọdún 2012. Ìkọ̀sílẹ̀ a máa tú ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n kì í tú bàbá kúrò lára ọmọ. Ohun méjì ni adájọ́ ń fi wọn iye tí yóò dá: ohun tí ọmọ nílò, àti ohun tí agbára ẹni tí yóò san gbé. Bí agbára náà bá yí padà, bí àìsàn bá dé tàbí tí ọjà bá kú, a lè padà lọ bá adájọ́ kí ó tún un wò. Nítorí náà, a dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́: bẹ́ẹ̀ ni, ó tọ́ láti jiyàn. Adájọ́ kì í ṣe Ọlọ́run, ìyá ọmọ náà lè ṣì í kà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ, kí ó lọ ní oṣù tí ó rọ, kí ó má dúró títí ọdún yóò fi yí po. Ìdákẹ́ kì í dín gbèsè kù.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Adájọ́ ní kí ó máa san 15,000 fráǹkì lóṣù. Ní ọdún kan, èyí jẹ́ 180,000. Ó san pé ní oṣù márùn-ún, 75,000 nìyẹn. Ní oṣù mẹ́ta, 5,000 ni ó rí san lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 15,000 nìyẹn. Oṣù mẹ́rin ni kò san ohunkóhun. Àpapọ̀ ohun tí ó san jẹ́ 90,000, ó sì ku 90,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìwé wọlé, òun ni ó ra aṣọ ilé ìwé àti ìwé ọmọ, ó ná 20,000. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìyá ní ẹ̀bùn ni, kò sí nínú ohun tí adájọ́ wí. Ìjà dé. Wọ́n jà á láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi rọ̀, aránṣọ kò sì san kọ́bọ̀, ó ní, “Ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀.”

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. 20,000 ni àríyànjiyàn wà lé lórí. 70,000 tí ó kù ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun jẹ ẹ́. 20,000 ni ó ń jà fún, 70,000 ni ó fi pamọ́ sẹ́yìn ìjà. Ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ ti wọlé. Kì í ṣe pé ó jiyàn. Ó fi iyàn ṣe ilé ìsápamọ́ ni. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí: ẹ pín gbèsè sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ọkàn yín gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí san án lónìí, bó ti wù kó kéré mọ. Èyí tí ọkàn yín kò gbà, ẹ gbé e lọ síwájú àgbà tàbí síwájú adájọ́, kí ẹ jà á ní gbangba. Ẹni tí ó ń san èyí tí ó mọ̀, a ó gbọ́ ọ lórí èyí tí ó ń jiyàn.

Ohun kejì ni òṣùwọ̀n. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìwé owó oṣù. Oníṣẹ́ ọwọ́ kò ní. Ẹnu ara rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Kí Kérésì tó dé, tí gbogbo wa ń rán sùtánà fún ìrìn àjò etíkun Sèmè, aránṣọ yìí lè gba 100,000 lọ́wọ́ oníbàárà. Ìyá ọmọ rí èrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, “Ọlọ́rọ̀ ni.” Kò rí owó òwú, owó iná, owó ilé ìtajà àti oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ó tọ́ kí bàbá yọ ìwọ̀nyí kúrò. Ṣùgbọ́n kí ó má yọ aṣọ ẹgbẹ́ mọ́ wọn, kí ó má yọ ọtí àti àlejò ṣíṣe. Òwú jẹ́ ti iṣẹ́, ọtí kì í ṣe ti iṣẹ́. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tí a fún ọmọ. Bí ẹ bá mú aṣọ tàbí àpò àgbàdo lọ, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan wà níbẹ̀. Owó tí ẹ bá fi fóònù ránṣẹ́, ẹ má pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́.

Nípa oṣù tí owó kì í wọlé, Jósẹ́fù ti kọ́ wa ní Íjíbítì pé ọdún ọ̀pọ̀ ni a fi ń pèsè de ọdún ìyàn. 15,000 lóṣù, 500 lójúmọ́ ni. Ẹ dá àjọ rẹ̀ lọ́tọ̀ lórúkọ ọmọ. Bí alájọ bá yọ tirẹ̀, ohun tó kù kò ní jìnnà sí iye náà. Kí owó ọmọ dà bí owó òwú: kí a yọ ọ́ kí a tó jẹun.

A ní láti sọ èyí náà, bí kò tilẹ̀ dùn: Jésù bá àwọn tí ń wí pé Kọ́bánì wí, àwọn tí ń fi ọrẹ Ọlọ́run bo ohun tí ó tọ́ sí òbí. Ẹni tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ owó ńlá níbi ìkórè, tí ìyá ọmọ rẹ̀ sì ń yá gàrí jẹ, ọ̀nà kan náà ni ó ń tọ̀. Kí ó kọ́kọ́ lọ san gbèsè oúnjẹ. Ọlọ́run kò ní bínú sí i.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ má fi ọmọ ṣe ohun ìdógò. Pé bàbá jẹ gbèsè kò sọ pé kí ọmọ má rí i; bẹ́ẹ̀ ni pé bàbá kò rí ọmọ kò pa gbèsè rẹ́. Bí ó bá mú díẹ̀ wá, ẹ gbà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ní ó ku iye báyìí. Ẹ má fi ìbínú ìgbéyàwó kún ìṣirò. Òṣùwọ̀n èké kò di òtítọ́ nítorí pé ẹni tí a ṣẹ̀ ló gbé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí obìnrin bá gbé ẹjọ́ yìí wá, a kì í sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, ká sì gbàdúrà lé e lórí, kó di pé ó tán. Sùúrù kì í san owó ilé ìwé. Ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó, ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ bi wọ́n ní iye, ẹ dá ọjọ́. Bí adájọ́ bá ti dá ẹjọ́ náà, ẹ má sọ pé ẹ pa á rẹ́. Ẹ ran ẹni tí ó jẹ gbèsè lọ́wọ́ láti pa á mọ́.

Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò sì mọ iye tí ìjà náà jẹ́ àti iye tí a san. Kí Olúwa fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní oníbàárà, kí ó fún aláboyún àti abiyamọ ní ìtura, kí ó sì fún gbogbo wa ní òṣùwọ̀n òtítọ́. Àmín.