Ta Ló Tú Ẹrù Ìyá Mi?

“Ǹjẹ́ nǹkan kan sọnù nínú rẹ̀?” Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tí ẹrù rẹ̀ dé ní títú nìyẹn. Bí o bá ní rárá, wọ́n á béèrè bóyá nǹkan kan fọ́. Bí kò bá sí èyí tó fọ́, ọ̀rọ̀ ti parí lójú tiwọn nìyẹn. Nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó gbà-máà-bínú, àyè wà fún ẹrù tó sọnù, àyè wà fún èyí tó bàjẹ́, àyè wà fún èyí tó dín. Kò sí àyè fún ẹrù tó pé pérépéré, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ àjèjì ti wọ inú rẹ̀ kó tó kan ẹni tó ni ín. Èmi gbà pé ohun kan ti lọ nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà lókè òkun là ń gba ẹrù báyìí láti ilé, tí a ń gbé e mì, tí a ń sọ pé ó sáà pé. Kò yẹ ká máa gbé e mì.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni ìyá mi kú ní Ìsẹ́yìn. Kó tó kú, ó ti ya ohun tí yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ó fi àgékù aṣọ òfì di tèmi, ó fi òwú funfun rán an yíká, ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé, “Ti àbúrò rẹ nìyí. Òun nìkan ni kó tú u.” Ẹ̀gbọ́n mi kó o pọ̀ mọ́ èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ, ó gbé e lọ sí Èkó. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò níbẹ̀, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá oògùn olóró kì í jẹ́ kéèyàn lẹ páálí pa láti ilé wá. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò béèrè ohun tó wà nínú aṣọ tí wọ́n rán. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí tó fi mọ̀ pé tẹ̀sùbáà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ní, “Ọlọ́hun á forí jin Màmá,” ó sì dá a padà fún un. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 to ilé ọmọ ìlú àti lẹ́tà rẹ̀ pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo nígbà tó ń dáàbò bò wọ́n. Ọkùnrin yẹn lè má ka abala náà rí. Ó ṣe ohun tó sọ.

Ìgbà tí ẹrù náà dé ọ̀dọ̀ mi ní Baltimore, ẹ̀gbẹ́ kan páálí ti ya, wọ́n sì ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ léraléra. Èlùbọ́ pé, ẹja pé. Aṣọ tí Ìyá rán ni wọ́n fi ohun mímú gé òwú rẹ̀ láti igun dé igun. Tẹ̀sùbáà wà níbẹ̀. Ìwé tó kọ sí mi wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bí Ìyá ṣe ń ká ìwé ni wọ́n ká a. Kò sí bébà kankan tó sọ ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é àti ìdí tó fi ṣe é. Mo pe àwọn tó gbé ẹrù náà wá, mo tún pè, ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n ń bi mí.

Ní 1878, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jackson, tó fi ìwé ìpolówó lọ́tìrì ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọkùnrin náà kò rí ìdáǹdè gbà. Síbẹ̀, nínú ìdájọ́ rẹ̀ ni Adájọ́ Stephen Field ti là á kalẹ̀ pé lẹ́tà tàbí ẹrù tí a bá lẹ̀ pa, bí ìgbà tó ṣì wà nínú ilé ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló rí lójú òfin. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó lè gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bó bá fẹ́ wo inú rẹ̀, kó lọ gba ìwé àṣẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé onílé lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé ni wọ́n fi wé, ilé sì ní bí a ṣe ń wọ̀ ọ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Àgò onílé o,” á sì dúró kí wọ́n dá a lóhùn. Nínú Àlùkùránì, orí kẹrìnlélógún, ẹsẹ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwa onígbàgbọ́ pé ká má wọ ilé tí kì í ṣe tiwa títí a ó fi tọrọ àyè, tí a ó sì kí àwọn ará ilé. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ pé bí wọ́n bá ní ká padà, ká padà. Ẹ wò ó, kò sí ibi tí ẹsẹ náà ti béèrè bóyá àlejò fẹ́ jalè. Wíwọlé láìkí ènìyàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ̀.

Ìtàn kan wà tí àwọn àlùfáà wa máa ń sọ nínú wáàsí nípa Sàyìdínà Úmárù. Wọ́n ní ó ń rìn kiri ìlú lóru nígbà tó jẹ́ aṣáájú àwọn mùsùlùmí, ó gbọ́ ariwo nínú ilé kan, ó gun ògiri wọlé, ó sì bá ọkùnrin kan níbi tó ti ń mu ọtí. Ọkùnrin náà ní, bí òun bá ti ṣẹ Ọlọ́hun lẹ́ẹ̀kan, Úmárù ti ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ó tọpinpin, Ọlọ́hun sì kọ̀ ọ́, ó gba orí ògiri, Ọlọ́hun sì ní ká máa gba ẹnu ọ̀nà, ó wọlé láìtọrọ àyè, kò sì sálámà. Úmárù fi í sílẹ̀. Ọtí tó rí kì í ṣe irọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni lóòótọ́. Síbẹ̀ kò lò ó, nítorí ọ̀nà tó gbà rí i.

Mi ò ní tìtorí èyí sọ pé kí wọ́n má tú ẹrù kankan. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti dúró ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí fentanyl dá èémí rẹ̀ dúró, tí ìyá rẹ̀ ń ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì mọ̀ pé èyí tó lè pa adúgbò kan lè gba inú àpò ìwé kékeré wọ̀lú. Ní 1977, nínú ẹjọ́ Ramsey, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kan náà yẹn sọ pé ti ẹnubodè yàtọ̀. Aṣọ́bodè kan ní New York ló fọwọ́ kan lẹ́tà mẹ́jọ kan láti Thailand, ó rí i pé wọ́n ki ju lẹ́tà lásán lọ, ó tú wọn, heroin ló bá níbẹ̀. Wọ́n ní kò nílò ìwé àṣẹ adájọ́, bó bá ṣáà ti ní ìdí tó ṣe gúnmọ́ láti fura. Mo fara mọ́ ọn. Mo sì fara mọ́ ìlànà tó dè wọ́n lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé aṣọ́bodè tó bá tú lẹ́tà kò gbọdọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, àfi tí adájọ́ bá fún un ní ìwé àṣẹ, tàbí tí ẹni tó kọ ọ́ tàbí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí bá fọwọ́ sí i. Ọwọ́ lè wọlé, ojú kò gbọdọ̀ kàwé.

Àwa mùsùlùmí pàápàá ní irú rẹ̀. Kí Ànábì tó ṣí Mẹ́kà, Hátíbù, ọ̀kan nínú àwọn tó ja ogun Bádírì, kọ ìwé ìkọ̀kọ̀ sí àwọn ará Mẹ́kà láti tú àṣírí ìrìnàjò náà, ó fi rán obìnrin kan. Ànábì rán Álíyù àti àwọn mìíràn lé e bá. Wọ́n bá a lójú ọ̀nà, wọ́n sọ ohun tí wọ́n wá gbà fún un lójúkojú, òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ nínú irun rẹ̀. Wọ́n ka ìwé náà níwájú Ànábì, wọ́n sì pe Hátíbù láti wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní àwọn ẹbí òun wà ní Mẹ́kà láìní ẹni tí yóò dáàbò bò wọ́n. Ànábì gbà á gbọ́. Ẹ̀mí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wà nínú ìwé yẹn, a sì mọ orúkọ àwọn tó gbà á títí dòní. Ẹni tó ni ìwé náà sì rí ibi ti sọ̀rọ̀.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ẹjọ́ Jacobsen. Ní 1981, ní pápákọ̀ òfurufú Minneapolis, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè ya páálí kan ní ọ́fíìsì Federal Express. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tú u, wọ́n gé ohun tí wọ́n fi téèpù yí, wọ́n rí ìyẹ̀fun funfun nínú àwọn ọ̀rá, wọ́n kó o padà, wọ́n sì pe àwọn agbófinró. Ní 1984, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé agbófinró tó tún un wò kò rú òfin. Wọ́n ní ìjọba ni ìwé òfin dè, kò de òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì ti tú ẹrù ná, ẹni tó wò ó tẹ̀ lé e kò gba ohun tuntun kankan lọ́wọ́ onínǹkan. Adájọ́ Brennan àti Adájọ́ Marshall kò fara mọ́ ọn.

Ohun tí àkọ́bí mi sọ náà nìyẹn nígbà tí a jọ dúró ti páálí náà: “Wọ́n sáà ti tú u ná, Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.” Mo ní rárá. Mo gbé e wọ yàrá, mo ṣe àlùwàlá, èmi nìkan ni mo kà á. Ohun tó wà láàárín èmi àti Ìyá kì í ṣe ohun tí ojú kan kò rí rí. Ohun tí ó fi lé mi lọ́wọ́ ni. Bí igba ojú bá rí i, èmi nìkan ṣì ni ó fi í lé lọ́wọ́, ẹnì kejì tó bá yọjú sí i láìgba àyè ti jẹ gbèsè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Títú aṣọ tí Ìyá rán yẹn sì wà lára ogún mi. Ọwọ́ tó rán an fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ló gé e. Ohun tó lọ nìyẹn, kò sì sí owó gbà-máà-bínú tó lè dá a padà.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ fẹ́ tù mí nínú. Ilé kéwú ni ìyá mi lọ, lẹ́tà Lárúbáwá ló fi ń kọ Yorùbá, ọ̀rẹ́ mi sì ní ẹni tó tú u kò lè mọ ohun tó kọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ilé mi nínú òkùnkùn tí kò rí nǹkan kan, inú ilé mi ló ṣì wọ̀.

Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó bá tú ẹrù ìfìwéránṣẹ́ ẹlòmíràn kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, láti tọpinpin àṣírí rẹ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Òfin tó dára ni. Ta ni mo fẹ́ fi í mú? Bébà kékeré kan ló yẹ kó wà nínú páálí náà: ẹni tó tú u, ibi tó ti tú u, ọjọ́, àti ìdí. Àgò tí ẹni tó wọlé nígbà tí n kò sí nílé lè pa sílẹ̀ dè mí nìyẹn. Bóyá aṣọ́bodè ni, bóyá òṣìṣẹ́ akẹ́rù tí páálí ya mọ́ lọ́wọ́ ni, bóyá olè tí kò rí ohun tó fẹ́ ni, ojú kan náà ni mo fi ń wo gbogbo wọn báyìí. Ìyà ńlá lèyí jẹ́ fún èyí tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tòótọ́tòótọ́ nínú wọn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àlùfáà wa. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀, Ọlọ́hun lè fi jì í nígbàkúùgbà. Èyí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, ọwọ́ ẹni náà ni ìdáríjì wà. Àlùfáà ní kí n yọ̀ǹda ẹni náà bí n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, pé láádá rẹ̀ pọ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, mo sì ti gbìyànjú rẹ̀ lórí ẹní ìkírun. Mi ò tíì lè ṣe é. N kò fẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé, n kò sì fẹ́ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé, “Èmi ni mo gé òwú náà, ìdí tí mo fi gé e nìyí.” Ọjọ́ tí ìwé yẹn bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni n ó yọ̀ǹda rẹ̀.