Ta Ni Orin Yìí Ń Nà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí dùn mọ́ àwa àgbà nínú púpọ̀. Bí a bá ti pa á tán, a máa ń ṣe bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ònkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ṣé gbogbo àkísà tó wà lọ́wọ́ àgbà náà ni ó yẹ kó máa fi yangàn?

Èmi náà ní àkísà tèmi. Kì í ṣe aṣọ o, àwo orin ni. Ó lé ní igba rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo tò sínú àpótí pákó mẹ́ta ní yàrá mi ní Sàngó-Ọ̀tà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní fákitírì níbí, iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ṣòro kí wọ́n san owó oṣù kí n má yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àwo kí n tó délé. Síkírù Àyìndé Barrister ń bẹ níbẹ̀, Kollington Àyìnlá ń bẹ níbẹ̀, Àyìnlá Ọmọwúrà tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní 1980 ń bẹ níbẹ̀, Fẹlá náà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá sọ mí ní Baba Aláwo. Kì í ṣe awo Ifá o, àwo orin ni. Bí àwo tuntun bá jáde, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Bí mo bá mi orí, ó dára nìyẹn. Bí mo bá yínmú, owó olúwarẹ̀ ti ṣòfò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo fi ń jẹun lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ń fi fóònù rẹ̀ gbọ́ orin nítòsí wa. Orin Àṣàkẹ́ ni, láti inú àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Mr. Money with the Vibe, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ní, “Baba Aláwo, kí lẹ rí sí èyí?”

Mo ní, “Kí ló wà níbẹ̀ tí n ó rí sí? Ariwo lásán. Orin ọmọ ìta. Wọn ò mọ ìlù, ẹnu wọn ò mọ́, owó nìkan ni wọ́n ń kọ. Bó bá di àmọ́dún, ta ni yóò rántí wọn?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi pa orin náà. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ má bínú. Orin mélòó lẹ ti gbọ́ nínú àwo náà?”

Ẹ̀yin ará, orin kan àti ààbọ̀ ni mo tíì gbọ́. Dípò kí n dá a lóhùn, mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé òun ni yóò wá kọ́ mi ní orin. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà,” ó sì wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, okùn fóònù ló ń fi bọ etí méjèèjì kó tó gbọ́ orin. Ilé wá pa rọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́ fún yín: ọmọ tó ń pariwo mọ́ni létí ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni. Èyí tó dákẹ́ ló ti ń lọ.

Ní òru ọjọ́ náà ni mo rántí bàbá mi. Ní 1981, mo fi owó ara mi ra àwo Fújì fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá mi gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní orin ọmọ ìta ni, ó ní ariwo ni, ó ní ẹnu wọn ò mọ́, ó ní owó ni wọ́n ń wá. Kò fọ́ ọ o. Ó kàn gbé e sórí páànù ilé ìdáná wa, oòrùn ọ̀sán sì ká a kò bí ewé gbígbẹ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì búra pé n kò ní ṣe irú rẹ̀ sí ọmọ mi láéláé. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fi dá Fújì lẹ́jọ́ náà ni mo fi dá Àṣàkẹ́ lẹ́jọ́. N kò fi ẹyọ kan kún un, n kò sì yọ ẹyọ kan kúrò.

Bàbá mi, ẹni tó ń gba ààwẹ̀ déédéé, kò bìkítà pé inú ààwẹ̀ gan-an ni Fújì ti jáde. Orin wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì ni Barrister ti ń kọ láti kékeré kó tó sọ ọ́ di Fújì, orúkọ tó sọ pé òun mú láti ara àwòrán òkè kan ní ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú. Orin tí wọ́n ń pè ní ti ọmọ ìta nígbà náà, òun ni wọ́n ń fi ṣe ìnáwó alákọ̀wé lónìí. Ọkọ̀ tó ń ti Sàngó lọ sí Èkó sì ń já èrò ní Alágbàdo, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Kollington pè. Orúkọ ẹni tí wọ́n ní wọn ò ní rántí lọ́dún tó ń bọ̀ ti di ibi tí àgùnbánirọ̀ àti alájàpá ti ń bọ́ọ́lẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1977, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Sex Pistols ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kan tó fi ọbabìnrin wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ní ọdún tí gbogbo ìlú ń ṣe àjọ̀dún ọdún 25 tó ti lò lórí oyè. BBC kọ̀, wọn ò lu orin náà. Punk rock ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀: gìtá tó ń han gooro, aṣọ yíya, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ lójú àgbà. Ohun tí bàbá mi sọ ní Ọ̀tà ni àwọn bàbá Òyìnbó náà sọ.

Ní ọdún 1977 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé Fẹlá tó ń pè ní Kalakuta ní Èkó, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Fẹlá ti kọ Zombie ṣáájú ìgbà náà, ó ti fi àwọn ṣọ́jà ṣe ẹlẹ́yà. Ní 1979, ó gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, ó sì tún fi ọ̀rọ̀ náà kọ orin. Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ tó wà lórí oyè nígbà náà, ìlú Ọ̀tà wa yìí ló wá dá oko sí nígbà tó gbé ìjọba sílẹ̀. Nítorí náà, bí Fẹlá bá sọ òkò lórí àwo, ìtòsí ilé wa ló ń bọ́ sí.

Ẹ ò rí i bí ó ti rọrùn fún mi láti sọ pé, “Kò sí ẹni tó tó Fẹlá láàrín àwọn ọmọ ìwòyí”? Òótọ́ ni, kò sí. Ṣùgbọ́n ta ni mí tí mo fi ń bèèrè rẹ̀? Ní ọdún kan, wọ́n dá mẹ́fà dúró nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní fákitírì tí mo wà, nítorí pé wọ́n bèèrè bàtà iṣẹ́. Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni wọ́n sọ. Mo wo ilẹ̀. Mo dákẹ́. Nígbà tí oṣù parí, mo gba owó mi, mo sì fi nínú rẹ̀ ra àwo Fẹlá, mo jókòó sórí àga, mo ń jó orí pé ọkùnrin náà láyà.

Ẹ dákun, ìgboyà wo ni mo rà lọ́jọ́ náà? Ẹni tó fẹ́ràn orin ìjà tí kò sì jà rí, kò yẹ kó máa bínú sí ọmọ ọlọ́mọ pé kò wá kú lójú òun. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí à ń fi owó oṣù rà.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Baba Aláwo, ṣé kí a má dájọ́ mọ́ nìyẹn? Ṣé bákan náà ni gbogbo orin?” Rárá o. Ẹni tó ní gbogbo ọbẹ̀ ló dùn kò tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo ṣì ń dájọ́, àmọ́ mo ti wá òṣùwọ̀n tí yóò wọn tèmi náà.

Ọ̀dọ̀ àwọn baba wa ni mo ti rí i. Ní Ọ̀tà níbí, àti ní apá Yewa àti Kétu, a ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO fi oyè dá lọ́lá ní 2001. Lóru, ní àárín ọjà, ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde. Á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, á júbà àwọn tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni yóò wá la ẹnu: ìjòyè tó ń jẹ owó ìlú, olówó tó ń fi ojú tálákà gbolẹ̀, yóò fi orin nà wọ́n níṣojú gbogbo ayé, wọn kò sì gbọdọ̀ bá a jà. Ariwo kọ́ ló jẹ́ kí orin Ẹ̀fẹ̀ níyì, èébú sì kọ́. Ẹni tí pàṣán náà ń bà ló jẹ́ kó níyì. Nítorí náà, ohun tí mo ń bi orin ni pé: ta ni ìwọ ń nà? Ṣé ẹni tó jù ọ́ lọ ni, àbí ẹni tí kò lè dá ọ lóhùn?

Mo kọ́kọ́ bi àwọn àwo tèmi. Ojú sì tì mí. Fẹlá tó na ìjọba, òun náà ló kọ Lady ní 1972, tó fi obìnrin ṣe ẹlẹ́yà pé ó fẹ́ bá ọkùnrin dọ́gba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Barrister àti Kollington ń fi àwo bú ara wọn, àwa ń ra ti méjèèjì, a ń pín sí ẹgbẹ́ bí ẹni pé ìjà ìdílé wa ni. Mélòó sì ni ojú àwo tó jẹ́ pé oríkì olówó ló kún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a kò béèrè ibi tí owó náà ti wá? Síbẹ̀, mo fẹ́ràn wọn. Ẹ má gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mímọ́ kọ́ ni wọ́n fi dùn.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ mi. Iná ti lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, “Gbé àwo yẹn wá, a ó gbọ́ ọ dé òpin.” Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. A jókòó sí ìloro, a fi fóònù sórí àpótí. Orin méjìlá ni, kò sì ju bí ìdajì wákàtí lọ.

Ohun tí mo rí nìyí. Àwọn elégbè rẹ̀ mú mi: ogunlọ́gọ̀ ohùn tó ń gbè é lẹ́yìn, bí àwọn ọmọ wéré ní àsìkò sààrì. Mo sọ fún ọmọ mi pé ilé wa ni ohùn yìí ti jáde. Èkejì, ọmọkùnrin náà kò na ẹnikẹ́ni. Ó ń jó, ó ń dúpẹ́, ó ń ka owó rẹ̀. Kò burú, ijó náà ní àyè tirẹ̀, kò kúkú pe ara rẹ̀ ní ajàjàgbara. Irọ́ tó burú ni kí ènìyàn wọ aṣọ ọlọ̀tẹ̀ kó máa bá ọ̀gá jẹun lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí àwọn Sex Pistols tún kó ara jọ ní 1996, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé owó ni àwọn wá gbà. Ó kéré tán, wọn ò purọ́. Ẹ̀kẹta, orin rẹ̀ kúrú jù. Bí ìlù bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ti pa á. Barrister ì bá gba odidi ojú àwo kan kó tó sinmi.

Ọmọ mi ní, “Bàbá mi, ẹni tó ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ kò ní odidi ojú àwo láti dúró.” N kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀.

Ó tún lu Zazoo Zehh fún mi, èyí tí Portable, tí gbogbo apá Ọ̀tà wa mọ̀, ṣe pẹ̀lú Ọlámidé ní ìparí ọdún 2021. Etí mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ohùn náà há, ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Mo ní kó tún un lù. Nígbà kejì ni mo gbọ́ pé ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta gan-an ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò ní sọ́ọ̀tì tí yóò wọ̀ kí wọ́n tó gbà á wọlé. N kò lè sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo kàn sọ pé mo mọ ibi tó ti wá. Níwájú fákitírì, láàárọ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń dúró de iṣẹ́ òòjọ́, mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí.

Ẹjọ́ kan tí mo kọ̀ láti yí padà nìyí: orin tí kò mọ̀ ju kó máa ta ara obìnrin bí ọjà lọ, àti èyí tó ń yin owó tí a kò mọ orísun rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé pàṣán wọn ń bà ẹni tí kò lè dáhùn. Ó ní, “Lady ńkọ́?” Mo ní Lady náà pẹ̀lú. Inú rẹ̀ dùn ju bí mo ti rò lọ. Àṣé kì í ṣe pé kí n fẹ́ràn orin rẹ̀ ni ọmọ náà ń wá. Kí òṣùwọ̀n mi má jẹ́ méjì ló ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo ní àpótí bí èmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dé òpin kí ẹ tó dájọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ dá a lẹ́bi lẹ́yìn náà, ẹ dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n náà wọn tiyín, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ohun tí ẹ̀yin alára ṣe lọ́jọ́ tí ó kàn yín láti sọ̀rọ̀. Àwo tí oòrùn ká kò ní 1981 ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Kò ṣeé lù mọ́. Mo ti gbé e sí ibi tí n ó ti máa rí i.