ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ta Ló Loko?

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 3:5-9

Ìyá wa Funke Opeke, tí wọ́n kàwé ní Queen's School, Ìbàdàn níbí, fi iṣẹ́ sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà, wọ́n padà wálé. Íntánẹ́ẹ̀tì wa nígbà yẹn ń wọ́, ó sì wọ́n. Ní 2008, wọ́n dá MainOne sílẹ̀. Nígbà tó di 2010, wáyà wọn ti gba abẹ́ òkun láti Portugal dé Èkó, nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Ní 2022, Equinix ti Amẹ́ríkà ra ilé-iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù dọ́là 320.

Olówó yí padà, wáyà ò kúrò lábẹ́ òkun. Iṣẹ́ ń lọ.

Kì í ṣe gbogbo wa la máa ta tiwa ní mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n gbogbo wa la máa fi nǹkan lé ẹlòmíì lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akọrin, ta lẹ ń kọ́níṣẹ́? Ohun tí a ò lè yọwọ́ nínú ẹ̀ ti fẹ́ dòrìṣà. Pọ́ọ̀lù ò bá Àpólò jà; àwọn méjèèjì mọ ẹni tó loko.

Lónìí, ẹ pe ẹnì kan, kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ hàn án.

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí iṣẹ́ tí O fún mi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Lórúkọ Jésù. Àmín.