ÒṢÍBÀTÀ LÉKÈ OMI: ṢÉ GBÒǸGBÒ WÀ NÍSÀLẸ̀?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Aṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ọba tí ó fi omi ṣẹ̀dá gbogbo ohun abẹ̀mí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàábé rẹ̀.

Kò sí ibi tí a ti ń ṣe ìnáwó ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, tí àwọn àgbà kò ní gbàdúrà pé bí ojú oró àti òṣíbàtà ṣe ń lékè omi, bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn ọmọ wa máa lékè. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti bi mí léèrè bóyá ó tọ́ kí Mùsùlùmí ṣe àmín sí i. Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹni tí ó bá gbà pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní agbára, bí ọfọ̀, ó ti gbé ohun tí í ṣe ti Ọlọ́hun fún ewé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bẹ Ọlọ́hun, tí ó kàn fi ewé ṣe àpèjúwe, kò sí aburú níbẹ̀. Ọlọ́hun pàápàá fi igi ṣe àpèjúwe fún wa. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé a ń ṣe àmín sí lílékè, a kì í béèrè ohun tí ó gbé òṣíbàtà lékè.

Ẹ wo àwọn méjèèjì dáadáa. Ojú oró kò fi gbòǹgbò kan ilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fì nínú omi bí irùngbọ̀n, ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì tì í sí ni ó ń lọ. Òṣíbàtà kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sórí omi, òdòdó rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ọ̀pá ewé náà gùn lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi tí ìdí rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ mú.

Nínú Súrà Ibrahim, áyà 24 sí 26, Ọlọ́hun fi ọ̀rọ̀ dáadáa wé igi dáadáa tí gbòǹgbò rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ wà lókè, tí ó ń so èso nígbà gbogbo. Ó fi ọ̀rọ̀ burúkú wé igi burúkú tí a ti fà tu, tí kò ní ìdúró. Àwọn onímọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ dáadáa yẹn ni kálímà: lá ilaha illa Llahu.

N ó sọ ti ara mi. Ọ̀dọ̀ àáfà kan ní ìgbèríko Ìsẹ́yìn ni mo ti kọ́ ábídí lórí wàláà. Lẹ́yìn náà mo lọ sí mọ́dírásà ńlá, mo sì wọ yunifásítì. Nígbà tí mo dé, mo rí i pé mo mọ náháwù ju àáfà mi lọ. Ní ọjọ́ wòlímọ̀ kan, mo tún ọ̀rọ̀ kan ṣe mọ́ ọn lẹ́nu láàárín èrò. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ kí wọ́n lè rí i pé mo mọ̀wé ni. Èrò rẹ́rìn-ín. Àáfà dákẹ́. Ojú sì tì mí débi pé n kò tẹ ilé wọn fún ọdún méjì.

Oṣù Fẹ́búárì 2016 ni mo tó lọ tọrọ àforíjì. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n ní kí n gbé ọkọ́, kí n tẹ̀lé àwọn lọ sí akúrò. Ibi tí omi máa ń kún sí lásìkò òjò ti gbẹ, ilẹ̀ ti sán. Ojú oró ti rọ sórí ẹrẹ̀ bí ewé tábà. Ewé òṣíbàtà kan kò sí lójú ilẹ̀. Wọ́n ní, “Gbẹ́ ibí yìí.” Mo gbẹ́ ẹ. Kò tíì jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan tí ọkọ́ fi kan ìdí òṣíbàtà, ó rí roboto bí kókò kékeré, ó ṣì tutù, ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Bàbá wò mí, wọ́n ní, “Àáfà kékeré, nígbà tí omi wà, àwọn méjèèjì ló lékè.” Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, omi ni owó. Omi ni ìwé-ẹ̀rí. Omi ni ìyìn èrò. Gbogbo wa ló ń lékè nígbà tí ó bá kún. Ẹ̀ẹ̀rùn ni í fi ẹni tí ó ní gbòǹgbò hàn.

Odò Ògùn tí ó ṣẹ̀ nítòsí Ṣakí wa, ọ̀sà Èkó ni ó ń ṣàn lọ. Níbẹ̀, ní 1984, ewéko kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní water hyacinth gba ìhà orílẹ̀-èdè Benin wọlé. Òdòdó rẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n orí omi lásán ni ó ń fò sí, ó sì bo omi títí tí ọkọ̀ apẹja kò fi rí ọ̀nà gbà. Bẹ́ẹ̀ ni lílékè ẹni tí ó fi jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì kó owó jọ: ó hàn, ó tàn, ó sì dí ọ̀nà mọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Nínú Súrà Ar-Ra'd, áyà 17, Ọlọ́hun sọ fún wa pé ìfófòó orí àgbàrá yóò pòórá, ohun tí ó ń ṣe ènìyàn láǹfààní ni yóò kù sílẹ̀.

Òṣíbàtà ní ìbátan kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, Nuphar ni orúkọ rẹ̀, òdòdó tirẹ̀ pupa rúsúrúsú. Inú ẹrẹ̀ tí kò sí atẹ́gùn ni ìdí rẹ̀ wà. Báwo ni ó ṣe ń mí? Ní 1980, onímọ̀ kan, John Dacey, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Science. Ewé tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sórí omi ni ó ń gba afẹ́fẹ́, tí ó ń tì í gba inú ọ̀pá rẹ̀ lọ sí ìdí. Èyí tí ìdí ti lò yóò sì gba inú ewé àgbà jáde. Subhanallahi! Ewé tuntun kì í bá ìdí díje. Òun ni ó ń gbé èémí lọ bá a.

Ẹ̀yin ni ewé tuntun yẹn. Ìmọ̀ tí o rí ní yunifásítì, gbé e padà lọ sí ilé kéú tí o ti kọ́ ábídí. Bí àáfà rẹ bá ṣàṣìṣe, lọ bá wọn nínú iyàrá, kí o kúnlẹ̀, kí o sọ ọ́. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ẹni tí kò bá ṣàánú ọmọdé wa, tí kò sì mọ ẹ̀tọ́ àgbà wa, kì í ṣe ara wa. Má jẹ́ kí ìrun bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí owó rẹ sì jẹ́ hàláàlì. Gbòǹgbò nìyẹn.

Ní ìnáwó tí ń bọ̀, bí wọ́n bá gbàdúrà òṣíbàtà, ẹ ṣe àmín, ṣùgbọ́n kí ọkàn yín fi èyí kún un: Ọlọ́hun, fún wa ní gbòǹgbò kí O tó gbé wa lékè. Má jẹ́ kí omi gbẹ kí a gbẹ pẹ̀lú rẹ̀. Kẹ́ àwọn olùkọ́ wa tí ó wà láyé, forí ji àwọn tí ó ti lọ. Àmín.

Wa bil-Lahi taofiki.