Ọ̀dà Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Ọdún

Bí ààwẹ̀ bá ti ń parí lọ, tàbí tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òórùn ọ̀dà a máa gba àwọn àdúgbò wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ́tótó wà lára ẹ̀sìn wa. Lẹ́yìn ọdún ni ìbéèrè dé: kí ni a ó ṣe sí ìdajì rọ́bà ọ̀dà tó ṣẹ́kù?

A rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń da tirẹ̀ sí gọ́tà. Nígbà tí a bá a wí, ó ní, "Ẹ̀yin Àáfà, ta ló ni gọ́tà?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó dá gọ́tà ni, ṣùgbọ́n òjò ń gbá a lọ sódò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé wa ṣì ń fa omi kànga. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí etí omi, ojú ọ̀nà àti abẹ́ ibòji. Ta ló ni wọ́n? Nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń lò wọ́n gan-an ni a fi kọ̀ ọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní òun kò da tòun nù, òun fi ta ilé-kéwú lọ́rẹ. Ìyẹn dùn mọ́ wa bí ọ̀dà náà bá ṣì dára. Ṣùgbọ́n agolo tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣe sàráà. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́, pàápàá èyí tó ní òróró nínú, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní 2010, eruku òjé láti ara òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Kì í ṣe ọ̀dà ló fa ìyẹn o, ṣùgbọ́n májèlé kan náà ni. Ní 2021 ni àjọ NAFDAC ṣe òfin pé òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Kùránì sì ti kọ̀ fún wa láti fi ohun tí àwa fúnra wa kò ní gbà tọrẹ.

Èyí tó dára, ẹ dé e pa, kí ẹ fún ẹni tó máa lò ó láìpẹ́. Èyí tó bàjẹ́, ẹ po iyanrìn mọ́ ọn, ẹ ṣí i sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà tí ọmọdé kò lè dé, kó gbẹ kó le, kí ẹ tó kó o fún akólẹ̀. Ẹ má sun ún. Rọ́bà rẹ̀ náà, ẹ̀yin ìyá wa, kì í ṣe ohun tí à ń rẹ ògì sí. Àwa pàápàá ní méjì nílé tí a fi ń fa omi. Iyanrìn ni a ń kó sínú wọn báyìí.