Ẹ̀rí Òtítọ́ Nínú Ilé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí dókítà bá ní kí aláìsàn lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, a ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, aláìsàn yóò sì padà lọ jókòó. Láti ìgbà náà lọ, kò mọ ẹni tí ó mú ìgò náà, kò sì mọ ohun tí a fi í ṣe. Ìwé pélébé kan ni yóò rí gbà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni dókítà yóò sì fi mọ oògùn tí yóò fún un. Ǹjẹ́ ẹni tí a gbé irú iṣẹ́ báyìí lé lọ́wọ́, kí ni ó yẹ kí yunifásítì kọ́ ọ? Ṣé ọgbọ́n ọwọ́ nìkan ni, tàbí ìwà pẹ̀lú?

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọdún 5 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní yunifásítì kí ó tó gba oyè nínú iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ìwé Ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó wọn. Ó ti kọ́ bí a ti ń fi awò wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀, bí a ti ń wá àmì ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àti bí a ti ń mọ ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ti aláìsàn mu.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó sún mọ́ ilé wa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń múra ìgbéyàwó ni a ń béèrè ìwé jẹnotáìpù lọ́wọ́ wọn. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS, kí ó sì máa jìyà àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. A máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó kọ́kọ́ bi ẹni náà bóyá a ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára láìpẹ́, nítorí èyí lè mú kí ẹni tí ó jẹ́ SS dàbí AS. A sì ń kọ́ ọ pé kí ó to ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ̀ dájú sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí a kò tíì mọ̀. Bí èyí tí a mọ̀ bá jáde lódì, a kò gbọdọ̀ gba ìkejì gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iná mànàmáná yóò lọ, tí oògùn àyẹ̀wò yóò tán, tí àwọn ènìyàn yóò sì máa kùn lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọrùn nígbà náà láti kọ AA sí ìwé, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Lórí ibùsùn ọmọ aláìlẹ́ṣẹ̀ ni òtítọ́ yóò ti lé irú irọ́ yìí bá.

Àwọn kan yóò wí pé ilé ni a ti ń kọ́ ọmọ ní ìwà, pé ìmọ̀ nìkan ni kí a béèrè lọ́wọ́ yunifásítì. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹ̀jẹ̀ tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìwé tí a kọ orúkọ àti wákàtí sí, ẹnìkejì tí ń tún iṣẹ́ ẹnìkínní wò: kí ni ìwọ̀nyí bí kò ṣe òtítọ́ tí a sọ di àṣà ọwọ́? Olùkọ́ tí ó bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì lórí èsì tí ó hùmọ̀ ti kọ́ ọ ní irọ́. Èyí tí ó bá yin ẹni tí ó wí pé, “Àyẹ̀wò mi kò yọrí, mo fẹ́ tún un ṣe,” ti kọ́ ọ ní ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ní oṣù Keje ọdún 2014, àlejò kan láti Làìbéríà dùbúlẹ̀ àìsàn ní Èkó. Ibà ni a kọ́kọ́ pè é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde. Ilé àyẹ̀wò ti ọ̀sibítù Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà sì fi hàn pé Èbólà ni. Ènìyàn 8 ni ó kú, dókítà náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, a kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀rí òtítọ́ wà lára ohun tí ó gba ìlú là.

Iṣẹ́ kù sí ọwọ́ àwa tí ń gba ìwé náà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi owó bẹ òṣìṣẹ́ pé kí ó sọ AS di AA nítorí ọjọ́ ìgbéyàwó ti sún mọ́lé, ẹ̀rí èké ni ó ń rà. Òfin kẹjọ Ọlọ́run sì de ẹni tí ń tà á àti ẹni tí ń rà á.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ọjọ́ tí ó bá lè wí láìtijú pé, “A kò lè fún yín ní èsì lónìí,” ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó pé.