Àlejò Tí Ó San Owó Ìwọlé

Kò sí ẹnìkan nínú yín tí a kò kọ́ láti kékeré bí a ti í gba àlejò. Bí ó bá ti wọlé, a ó fún un ní ìjókòó, a ó bu omi tútù fún un mu, a ó sì bèèrè àlàáfíà àwọn tí ó fi sílẹ̀ nílé, kí a tó bèèrè ohun tí ó bá wá. Bí kò bá sí oúnjẹ nínú ilé, a ó yá owó rà á. Àwọn àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wí pé lójú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ábúráhámù náà kò ṣe yàtọ̀ nígbà tí ó sáré láti ẹnu ọ̀nà àgọ́ rẹ̀ lọ pàdé àwọn ọkùnrin mẹ́ta ní Mámúrè. Kò bèèrè orúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò li oṣù yìí ni èyí: bí àlejò náà bá san owó kí ó tó wọlé ńkọ́? Ǹjẹ́ àlejò ni í ṣe síbẹ̀, tàbí ó ti di oníbàárà? Bí ó bá sì ti di oníbàárà, kí ni ohun náà gan-an tí ó rà? Mo bèèrè nítorí pé ayé ti kún fún àwọn tí wọ́n ń rìn kiri láìṣe nítorí òwò, láìṣe nítorí ogun, láìṣe nítorí àtikí ìbátan, bí kò ṣe kí wọ́n sáà lè fi ojú rí ibi tí wọ́n kò rí rí. Ìrìn-àjò afẹ́ ni a ń pè é.

Ẹni tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń pè ní baba iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítorí èrè. Thomas Cook ni orúkọ rẹ̀; gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó sì ti ṣe oníwàásù nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ń bà á nínú jẹ́ ni ọtí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń mu. Li ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1841, ó ṣètò ọkọ̀ ojú irin kan, ó sì kó nǹkan bí 500 ènìyàn láti Leicester lọ sí Loughborough, sí ìpàdé àwọn tí wọ́n ti kọ ọtí sílẹ̀. Ṣílè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n san fún àlọ àti àbọ̀. Èrò rere ni, èmi kò sì ní fi ṣe ẹlẹ́yà. Tálákà tí kò tíì kúrò li àdúgbò rẹ̀ rí yóò fi ojú ara rẹ̀ rí pé ayé tóbi ju ilé ọtí lọ. Nígbà tí ó di ọdún 1869, Cook ti ń kó ènìyàn lọ sí Íjíbítì àti ilẹ̀ Mímọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ta ilé iṣẹ́ náà li ọdún 1928. Nígbà tí ó sì wó pátápátá li oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nǹkan bí 150,000 ará Gẹ̀ẹ́sì ni ó bá li òkè òkun tí ìjọba ní láti kó padà wálé. Ẹ wo bí irúgbìn ṣílè kan ti hù tó!

Iye àwọn tí ń rìn ti pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ọkàn rò nígbà náà. A ṣírò rẹ̀ pé li ọdún 1950 nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 25 ni àlejò sọdá sí orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tirẹ̀. Li ọdún 2019 iye náà lé ní mílíọ̀nù 1,400. Àrùn Kòrónà dá wọn dúró li ọdún 2020, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi padà sí ojú ọ̀nà.

Kí ni púpọ̀ báyìí ń ṣe sí ìlú tí ó gbà wọ́n? Ẹ jẹ́ kí a wo Venice ní ilẹ̀ Ítálì, ìlú tí a kọ́ sí orí omi, tí ọkọ̀ ojú omi ń rìn ní òpópónà rẹ̀. Li ọdún 1951, nǹkan bí 175,000 ènìyàn ni ń gbé inú ìlú àtijọ́ náà. Li ọdún 2022, wọn kò pé 50,000 mọ́. Ogun kò jà á, àjàkálẹ̀ àrùn kọ́ ni ó sì kó wọn lọ. Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ rèé: onílé tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ baba, ìyá àti ọmọ rí i pé òun lè gba èyí tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ àlejò tí yóò sùn li òru díẹ̀. Ó sọ fún àwọn ayálégbé pé kí wọ́n wá ibòmíràn. Bí àwọn yẹn ti lọ, alábúrẹ́dì kò rí ẹni tà fún mọ́. Ẹni tí ó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń ta ìbòjú aláràbarà tí àlejò ń rà lọ sílé. Ilé ẹ̀kọ́ kò rí ọmọ tó. Tọkọtaya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó kò lè san owó ilé, wọ́n sọdá sí ìyàngbẹ ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi igi lé wọn. Àlejò kọ̀ọ̀kan kò ṣe ibi kan. Ó wá, ó wò, ó ná owó rẹ̀, ó lọ. Nínú gbogbo mílíọ̀nù wọ̀nyí a kò lè nàka sí ẹnìkan kí a wí pé, Ìwọ ni ó tú ìlú yìí ká. Èyí ni ó mú ọ̀ràn náà ṣòro láti dá lẹ́jọ́.

Ìjọba wọn kò káwọ́ gbera. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni wọ́n ti kọ̀ fún àwọn ọkọ̀ ńláńlá láti gba iwájú gbàgede Máàkù Mímọ́ kọjá. Li ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba yúrò márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá fún ojúmọ́ kan li àwọn ọjọ́ tí èrò ń pọ̀. Li ọjọ́ náà gan-an àwọn kan nínú àwọn ọmọ ìlú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Èmi rò pé wọ́n jàre. Bí a bá ń gba owó li ẹnu ibodè, kí ni a ti sọ ìlú dà bí kò ṣe ilé ìwòran? Kí sì ni a ti sọ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ dà?

Ṣùgbọ́n èyí tí ó sún mọ́ wa jùlọ, tí ó sì dùn mí jùlọ, wà ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa lọ gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Àdúgbò kan wà ní ìlú Salvador tí a ń pè ní Pelourinho. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni òpó ìjìyà, èyí tí a ń de ẹrú mọ́ kí a tó nà á ní gbangba. Àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó kọ́kọ́ ní àwọn ilé gogoro ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí kúrò, tí ilé ń ya lulẹ̀, àwọn tálákà ni ó kún inú wọn, aláwọ̀ dúdú sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Li ọdún 1985 ẹgbẹ́ UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Láti ọdún 1992, ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn ilé náà ṣe. Wọ́n fún àwọn tí ń gbé inú wọn li owó díẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n kó jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó kó jáde. Wọ́n fi ọ̀dà pupa, búlúù àti yẹ́lò kun ara ilé, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ, wọ́n lu ìlù, àwọn àlejò sì dé. Kí ni wọ́n wá wò? Àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ni. Wọ́n wá wò ó níbi tí a ti kó àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò kí ibẹ̀ lè dùn ún wò.

Mo ti ń sọ ti onílé. Ti àlejò ńkọ́? Yorùbá wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Arìnrìn-àjò afẹ́ ti ayé òde òní ti rí àwòrán ibi tí ó ń lọ kí ó tó kúrò nílé. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, ohun tí ó ń wá ni àwòrán náà. Bí ibẹ̀ bá jọ ọ́, inú rẹ̀ a dùn, bí kò bá jọ ọ́, a ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Mo lè sọ èyí láìbẹ̀rù nítorí èmi pàápàá wà lára wọn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti àwọn olùkọ́ mélòó kan lo ìsinmi wa láti lọ sí Ganvié ní ilẹ̀ Benin. Orí ọ̀sà Nokoué ni ìlú náà wà, lẹ́bàá Kùtọnu, orí òpó igi ni wọ́n sì kọ́ ilé wọn sí. Ìtàn wọn ni pé àwọn baba ńlá wọn sá wọ inú omi nítorí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì tí ń kó ènìyàn tà, àti pé èèwọ̀ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun náà lépa wọn dé orí omi. A san owó ọkọ̀ li èbúté. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wa ọkọ̀ wa gbọ́ Yorùbá, nítorí ará Kétu ni ìyá rẹ̀.

Bí a ti ń lọ, obìnrin àgbàlagbà kan ń wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ bọ̀ tòun ti ẹrù ọjà níwájú rẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sókè. Lẹ́sẹ̀kan náà ó fa akẹtẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú, ó sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo wí pé, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ojú yín,” mo sì na owó sí i, bí ẹni ń pe adìẹ pẹ̀lú àgbàdo. Ó sọ gbólóhùn kan ní èdè rẹ̀. Mo bèèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin wa ohun tí ó wí. Ó dákẹ́. Mo tún bèèrè.

Ó ní, “Ẹ má bínú o, bàbá. Ó ní ọjà ni òun ń lọ, òun kọ́ ni ọjà.”

Ìtìjú mú mi. Mo ti rò pé owó tí mo san li èbúté kárí ohun gbogbo tí ojú mi bá rí títí a ó fi padà, àti ojú obìnrin náà pẹ̀lú. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Kò sí. Ọkọ̀ ni mo háyà, agbára apá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni mo sì san owó fún. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kì bá tilẹ̀ burú bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibùsùn, oúnjẹ, ìmọ̀ afinimọ̀nà, gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé tà. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn, ọ̀fọ̀ rẹ̀, àdúrà rẹ̀ kò sí nínú ìwé owó náà.

Nígbà tí a padà dé inú mọ́tò, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá mi jiyàn. Ó ní bí gbogbo wa bá ń tijú báyìí tí a sì jókòó sílé, kí ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kọ̀ yóò jẹ? Ó ní ìbá ṣe pé obìnrin mìíràn ni, tí ebi ń pa, ìbá ṣí ojú gba owó náà. Ǹjẹ́ èmi ni yóò sọ fún un pé kí ó má gbà á? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, èmi kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Tálákà kò béèrè pé kí a wá fi ọgbọ́n wa dí ọ̀nà oúnjẹ òun. Síbẹ̀ mo dá a lóhùn pé ohun tí ó yẹ kí a wò ni bóyá onílé lè wí pé “Rárá” kí ó sì tún rí oúnjẹ alẹ́ jẹ. Obìnrin yìí lè wí i, nítorí ó ní ẹrù ọjà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn ti Pelourinho kò lè wí i, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bi wọ́n. Ìlú tí ó bá ti ju àjẹ̀ àti ọkọ́ sílẹ̀ tí ó jẹ́ kí àlejò nìkan ṣoṣo di oúnjẹ rẹ̀, ó ti ta “Rárá” rẹ̀ pọ̀. Àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí i li ọdún 2020.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ibi nìkan ni ojú àlejò ń ṣe. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ìbá ti di oko àti ilẹ̀ ilé títà, bí kò ṣe ti àwọn tí wọ́n dúró tì í, àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà àti Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí ó wá sí ilẹ̀ wa li ọdún 1950 tí ó sì kú sí Òṣogbo li ọdún 2009. Li ọdún 2005 ni UNESCO kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀. Àwa kì í ṣe olùsìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi àti ọ̀bọ tí ó kù níbẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wa, ojú ayé tí ó sì wà lára wọn ti di ọgbà yí wọn ká. Síbẹ̀, nígbà ọdún tí a ń ṣe li oṣù Kẹjọ, ẹ ó rí bí èrò ti í ya bo Arugbá, tí kámẹ́rà ń yọ níwájú àti lẹ́yìn, tí àsíá àwọn oníṣòwò ń fẹ́ lókè, tí ẹni tí ó wá gbàdúrà sì ń wá àyè láàrín àwọn tí ó wá wo bí a ti ń gbàdúrà. Bí ẹnìkan nínú wa bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rò ó wò bí yóò ti rí bí àlejò 500 bá wọ ilé ìsìn wa li ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tí wọ́n gun orí àga kí wọ́n lè rí ẹnu wa nígbà tí a bá là á gba àkàrà.

Àwòrán tí mo yà ní Ganvié wà lọ́wọ́ mi títí di òní: akẹtẹ̀ kan, apá méjì, àti omi. Ní oṣù tí ó kọjá, olùkọ́ kan wá bèèrè bí òun ṣe lè kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ìsinmi tí ń bọ̀. Mo sọ iye owó ọkọ̀ fún un. Mo sì ní kí ó kọ́kọ́ kọ ìwé sí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀, kí ó bi í bí ọjọ́ náà bá wọ̀ fún wọn, bóyá àwọn ọmọ méjèèjì lè jọ gbá bọ́ọ̀lù, bóyá àwọn ti Ganvié náà yóò fẹ́ wá wò wá li ọdún tí ń bọ̀. Ó ní èyí yóò fa iṣẹ́ pọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti kọ ìwé náà, ó ń retí èsì.